Iná Ọkọ̀ Ojú Omi Lálẹ́: Bá A Ṣe Ń Kà Á, àti Bá A Ṣe Ń Yà Kí Ọkọ̀ Méjì Má Baà Kọlura

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Iná ara ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe iná mọ́tò o. Iná mọ́tò, ẹni tó wà nídìí sítíárì ló ń fi í ríran, ó tàn án sójú títì, ó rí kòtò, ó yà fún un. Iná ọkọ̀ ojú omi, torí ẹlòmíì la ṣe gbé e síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sọ, pé èmi rèé, apá ibí yìí lára mi lò ń wò, ibí báyìí ni mo kọrí sí. Ẹni tí ò bá gbọ́ èdè yẹn, kí iná ogún wà níwájú ẹ̀, àwọ̀ lásán ló ń wò, títí ọkọ̀ á fi dé bá a.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, torí mo ti bá àwọn tó ti ń wakọ̀ ojú omi tipẹ́tipẹ́ pàdé, tí wọ́n mọ̀ pé pupa wà lósì, gíríìnì wà lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí iná lókèèrè wọn ò lè sọ fún yín bóyá ọkọ̀ náà ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ. Mímọ àwọ̀ ò tó. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó máa wà lẹ́nu yín nígbàkígbà tí iná bá yọ: ẹ̀gbẹ́ wo ló kọ sí mi, ṣé ó sì ń kúrò lójú kan?

Òfin tí mò ń tẹ̀ lé nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òfin àgbáyé ni, èyí tí wọ́n ń pè ní COLREGs, wọ́n fọwọ́ sí i ní 1972, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù keje ọdún 1977, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, tá a mọ̀ sí IMO lónìí, ló ń bójú tó o. Ibòmíì ní òfin tiẹ̀ tó fi kún un fún odò, ọ̀sà tàbí èbúté, torí náà ẹ bèèrè èyí tó kan omi tẹ́ ẹ wà. Ṣùgbọ́n pupa lósì, gíríìnì lọ́tùn-ún lára ọkọ̀, ìyẹn ò yí padà níbì kankan láyé. Látìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tó fi máa yọ ni iná gbọ́dọ̀ wà ní títàn, tí ojú ọjọ́ bá sì ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan, ẹ tàn án náà.

Iná mẹ́rin tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹní mowó

Ẹ fọkàn ya ọkọ̀ kan sínú aago ara ògiri. Iwájú ẹ̀ wà ní aago 12, ìdí ẹ̀ wà ní aago 6, ọ̀tún ẹ̀ ní aago 3, òsì ẹ̀ ní aago 9. Ọ̀tún àti òsì tí mò ń wí yìí, ti ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni, ti ẹni tó dúró sínú ẹ̀ tó kọjú síwájú, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó látòkèèrè.

Iná gíríìnì wà lọ́tùn-ún, ó ń tàn láti aago 12 gan-an dé ibi tí aago 4 kù díẹ̀, ìyẹn dígírì 112.5. Iná pupa wà lósì, ó ń ṣe bákan náà, láti aago 12 padà sẹ́yìn dé ibi tí aago 8 kọjá díẹ̀. Ibi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn, dígírì 135, iná funfun ìdí ọkọ̀ ló ni ín. Ìkẹrin ni iná funfun tó wà lókè òpó, iwájú ló ń tàn sí, ibi tí pupa àti gíríìnì jọ ń tàn sí pa pọ̀ lòun náà ń tàn sí, dígírì 225, kò hàn sí ẹni tó bá wà lẹ́yìn. Ẹ wá wò ó dáadáa: kò sí ibi tẹ́ ẹ lè dúró sí láyìíká ọkọ̀ yẹn tẹ́ ẹ ò ní rí iná kankan, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń rìn yí i ká ni àwọ̀ á máa yí padà, ibi tí àwọ̀ ti yí padà yẹn gan-an ló sì ń sọ fún yín ẹni tó máa yà fún ẹnì kejì.

Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ń gbé iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó gùn tó mítà 50 sókè gbọ́dọ̀ ní funfun òkè méjì, ti ẹ̀yìn á ga ju tiwájú lọ. Èyí tí ò tó 50, ẹyọ kan ti tó. Bóòtì tí ò tó mítà 12 lè pa funfun òkè àti funfun ìdí pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo tó ń tàn yíká, á wá fi pupa àti gíríìnì kún un. Èyí tí ò tó mítà 7 tí eré ẹ̀ ò sì ju nọ́ọ̀tì 7 lọ (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì ojú omi kan, mítà 1,852, láàárín wákàtí kan), funfun kan tó ń tàn yíká tó o, kó fi pupa àti gíríìnì sí i tó bá ṣeé ṣe. Ọkọ̀ onígbòkun kì í ní funfun òkè rárá, pupa, gíríìnì àti funfun ìdí nìkan, tí ò bá tó mítà 20 ó lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú iná kan lórí òpó. Àmọ́ tó bá ti tan ẹ́ńjìnnì, kódà kí ìgbòkun ṣì wà lókè, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ló dà yẹn, kó pa iná orí òpó yẹn, kó tan ti ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é, ó sì ń tan ẹni tó ń wò wọ́n jẹ. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀, tọ́ọ̀ṣì funfun kan tó wà nítòsí ọwọ́ ti tó o, àmọ́ kó tàn án kí ọkọ̀ kejì tó sún mọ́ ọn, kì í ṣe ìgbà tó bá ti dé orí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣíkọ̀

Kílẹ̀ tó ṣú ni kẹ́ ẹ ti tan gbogbo iná, kẹ́nì kan wà ní ilẹ̀ tàbí nínú ọkọ̀ kékeré kó yí ọkọ̀ yín po. Kó dúró síwájú gan-an, pupa àti gíríìnì gbọ́dọ̀ hàn sí i pọ̀. Kó sún sí ọ̀tún ọkọ̀ díẹ̀, pupa gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹ̀, kó ku gíríìnì nìkan. Kó máa yí lọ sẹ́yìn títí gíríìnì á fi parẹ́ tí funfun ìdí á sì yọ. Tí àwọ̀ méjì bá hàn pọ̀ níbi tí kò yẹ, àfi kẹ́ ẹ tún un gbé. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé pupa sọ́tùn-ún, gíríìnì sósì, ẹni tó wáyà ẹ̀ ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ burú ju ọkọ̀ tí ò ní iná rárá lọ, torí ọ̀nà tí kì í lọ ló ń sọ fáyé pé òun ń lọ.

Ẹ wo funfun òkè pẹ̀lú. Nínú bóòtì kékeré, òpó iná yẹn máa ń kúrú débi pé ẹni tó bá jókòó tàbí ìbòrí ọkọ̀ á dí i pa, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan. Kí iná náà ga ju orí èèyàn lọ. Tẹ́ ẹ bá fi gílóòbù LED rọ́pò ti àtijọ́, ẹ wo àwọ̀ tó ń jáde, èyí tí ò bá gíláàsì ẹ̀ mu lè mú kí gíríìnì máa dà bíi búlúù. Iná ọ̀ṣọ́ aláràbarà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bóòtì ńkọ́? Ẹ pa á. Òfin ò gbà kẹ́ ẹ tan iná tó lè jọ iná ọkọ̀ lójú ẹlòmíì tàbí tó lè bo èyí tó yẹ kó hàn mọ́lẹ̀. Omi iyọ̀ máa ń jẹ ẹnu wáyà, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ mú fíúsì, gílóòbù àti tọ́ọ̀ṣì tó lágbára dání.

Ojú fúnra ẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ó máa ń gba ojú tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ bá wo fóònù tó mọ́lẹ̀ yòò, ẹ ti bà á jẹ́, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ lọ́tun ni. Torí náà ẹ dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú yín kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka máàpù ẹ lo tọ́ọ̀ṣì pupa tí ò lágbára. Tẹ́ ẹ bá ń wá iná tó rọra ń ṣẹ́jú lókèèrè, ẹ má ranjú mọ́ ọn gan-an, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i pé á mọ́lẹ̀ sí i, bí Ọlọ́run ṣe dá ojú fún òru nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń ríran nínú òkùnkùn ju àárín ẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wò kó sì máa fetí sílẹ̀ lọ.

Kí ni mò ń wò yìí?

Pupa àti gíríìnì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, funfun lókè wọn: ó dojú kọ yín, ó ń bọ̀ tààrà.

Gíríìnì nìkan, funfun lókè: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀ lẹ̀ ń wò, á jẹ́ pé iwájú ẹ̀ wà lápá ọ̀tún yín, láti òsì sí ọ̀tún ló ń gbà. Pupa nìkan, òdì kejì ẹ̀ ni, láti ọ̀tún sí òsì. Tí èyí bá ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín ṣe ọkọ̀, kí orí ìka jẹ́ iwájú, kẹ́ ẹ wá yí i títí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ rí àwọ̀ ẹ̀ á fi kọjú sí yín. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní tó bá ti rẹ̀ mí.

Pupa tàbí gíríìnì tí ò ní funfun kankan lórí: ọkọ̀ onígbòkun lẹ̀ ń wò, tàbí ohun tí wọ́n ń fà lẹ́yìn ọkọ̀ mìíì. Èyí kejì yẹn, ẹ fi í sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Funfun kan ṣoṣo, èyí ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdí ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lé bọ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró. Ó lè jẹ́ apẹja kan nínú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ wá bá yín tààrà, ṣùgbọ́n tí pupa àti gíríìnì ẹ̀ ò tíì dé ojú yín. Báwo? Torí pé agbára iná wọn ò dọ́gba. Ọkọ̀ tó tó mítà 50 sókè, òfin ní kí funfun òkè ẹ̀ hàn ní máìlì 6, kí pupa àti gíríìnì hàn ní máìlì 3. Bóòtì tí ò tó mítà 12, funfun ẹ̀ máìlì 2, pupa àti gíríìnì máìlì 1 péré. Funfun ló máa kọ́kọ́ yọ nígbà gbogbo, àwọ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ẹnu ara yín sọ pé "ó ń lọ nìyẹn" títí ẹ ó fi rí i pé òótọ́ ni.

Ọkọ̀ ńlá ní àǹfààní kan tí inú mi máa ń dùn sí tí mo bá rí i: funfun òkè méjì yẹn. Tiwájú rẹlẹ̀, tẹ̀yìn ga, torí náà apá ibi tí èyí tó rẹlẹ̀ wà lọkọ̀ ọ̀hún dorí kọ. Tí àwọn méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ̀gbẹ́ ló fi hàn yín. Tí wọ́n bá ń súnmọ́ra, ó ń yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Tí wọ́n bá wá dúró lé ara wọn lórí, ọ̀kan sókè ọ̀kan nísàlẹ̀, iwájú yín ló dorí kọ gan-an. Kẹ́ ẹ tó rí pupa tàbí gíríìnì kankan ni funfun méjì yẹn ti máa sọ gbogbo ẹ̀ fún yín.

Iná inú ìlú tó wà létí omi máa ń dá kún wàhálà, iná ọkọ̀ á kó sáàárín tilé àti tòpópónà, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Ẹ wá iná tó ń rìn kọjá lára àwọn yòókù, tàbí kẹ́ ẹ wo ibi tí iná etí omi ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan tó tún ń padà yọ, nǹkan dúdú kan ló ń kọjá níwájú wọn yẹn. Iná tó bá ń tàn tó ń kú ní ìwọ̀n kan náà, àmì tó léfòó sójú omi ló sábà máa ń jẹ́, iná ara ọkọ̀ kì í ṣẹ́jú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má sì fi pupa àti gíríìnì àmì ojú omi we ti ọkọ̀ o, èyí tó ń jẹ́ òsì ní Yúróòpù àti Áfíríkà, ọ̀tún ló ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ṣé ó ń bọ̀ wá bá mi?

Ọgbọ́n kan wà tí mi ò lè fi ṣeré, òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹ di ojú ọkọ̀ yín mú sọ́nà kan náà, ẹ má yí i. Ẹ jókòó dáadáa kórí yín má sún kiri. Ẹ wá wá nǹkan kan lára ọkọ̀ tẹ́ ẹ lè fi ṣe àmì, òpó fèrèsé tàbí irin ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi iná ọ̀hún sí etí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, tí iná yẹn bá sún síwájú òpó, iwájú yín ló máa gbà kọjá. Tó bá sún sẹ́yìn òpó, ẹ̀yìn yín ló máa gbà. Tí ò bá sún rárá, tó dúró sí etí òpó yẹn gbári, tó kàn ń mọ́lẹ̀ sí i, tó ń tóbi sí i, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yẹn máa pàdé lójú kan náà nígbà kan náà ni. Ohun tó ń pa èèyàn níbẹ̀ ni pé nǹkan tí ò bá mira kì í fa ojú mọ́ra, ọkàn á máa balẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa já.

Ẹni tó bá ní kọ́ńpáàsì ìfọwọ́mú, kó fi wọn iná yẹn, kó sọ nọ́ńbà ẹ̀ sókè, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó dájú ju òpó lọ torí pé ọkọ̀ lè yí díẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí ọkọ̀ náà bá tóbi gan-an, tó bá ń fa nǹkan, tàbí tó bá ti sún mọ́ yín, nọ́ńbà lè máa yí kí ewu ṣì wà, torí orí ẹ̀ lè kọjá kí ìdí ẹ̀ gbá yín. Òfin fúnra ẹ̀ sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ewu wà, ẹ gbà pé ó wà.

Ẹ tún bá mi ṣírò àsìkò tẹ́ ẹ ní. Ẹ̀yin ń sá nọ́ọ̀tì 10, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ń sá 20, ìyẹn nọ́ọ̀tì 30 tẹ́ ẹ fi ń súnmọ́ra, máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2. Tó bá jẹ́ bóòtì kékeré tí pupa àti gíríìnì ẹ̀ ò hàn ju máìlì kan lọ, àtìgbà tẹ́ ẹ rí àwọ̀ sígbà tẹ́ ẹ máa forí gbárí, ìṣẹ́jú 2 yẹn ni gbogbo ẹ̀. Nínú ẹ̀ lẹ máa wò, tẹ́ ẹ máa rò, tẹ́ ẹ máa yà. Òun ló fi yẹ kéré dín kù lálẹ́, ẹ má sáré ju ibi tójú yín lè ká lọ.

Ta ló máa yà?

Ẹni tó ń lé ọkọ̀ bá látẹ̀yìn ló máa yà, ohun yòówù kó jẹ́, kódà kó jẹ́ onígbòkun ló ń lé ẹlẹ́ńjìnnì bá. Lálẹ́, tó bá jẹ́ funfun ìdí ẹ̀ nìkan lẹ̀ ń rí, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e bá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ wá rí gíríìnì tàbí pupa, ìyẹn ò yí nǹkan padà, iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn yín títí ẹ ó fi kọjá ẹ̀ tán pátápátá.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì tó dojú kọra, tí wọ́n ń rí pupa àti gíríìnì ara wọn, kí àwọn méjèèjì yí sọ́tùn-ún, kí wọ́n kọjá pupa sí pupa.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì tó fẹ́ dábùú ara wọn: ẹni tó bá rí ẹnì kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló máa yà. Iná fúnra ẹ̀ máa rán yín létí, torí ẹni tó bá wà lọ́tùn-ún yín tó fẹ́ dábùú, pupa ẹ̀ lẹ máa rí, òun á sì rí gíríìnì yín. Bíi ti oríta mọ́tò ló rí, ẹni tó rí pupa ló máa dúró, ẹni tó rí gíríìnì ló máa lọ. Ẹ sì gba ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má gba iwájú ẹ̀.

Ẹlẹ́ńjìnnì á yà fún onígbòkun, onígbòkun á yà fún ẹni tó ń pẹja lọ́wọ́, gbogbo wọn á yà fún ọkọ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò jẹ́ kó lè yí àti èyí tó ti bàjẹ́ tí kò lè darí ara ẹ̀ mọ́. Àmọ́ nínú ọ̀nà omi tó há, bóòtì tí ò tó mítà 20 àti onígbòkun ò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ ńlá tí kò ríbòmíì gbà lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fà mọ́ ọ̀tún níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yà, ẹ tètè yà, kẹ́ ẹ sì yà lọ́nà tí ẹnì kejì á fi rí i. Dígírì 5 níbí, dígírì 5 lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ yí dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọ̀ iná yín yí padà lójú ẹ̀, ìgbà yẹn lọkàn ẹ̀ á balẹ̀ pé ẹ ti rí òun. Tí ò bá sáyè láti yà, ẹ fa ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dúró pátápátá. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa wò ó títí tó fi kọjá, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà, ẹ má yí, ẹ má ṣe eré sísá àti dídúró, kí ẹnì kejì lè mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí i pé kò yà, ẹ fun fèrè kúkúrú márùn-ún tó ya ara wọn, ó kéré tán, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé "ohun tí ò ń ṣe ò yé mi", kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí ò bá ṣì yà, ẹ̀yin náà ẹ gbé ìgbésẹ̀, àmọ́ ẹ má yí sósì fún ọkọ̀ tó wà lósì yín, torí tóun náà bá jí lójijì tó yí sọ́tùn-ún, inú ara yín lẹ jọ máa kó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lórí ọkọ̀ ńlá. Ẹni tó ń wà á jókòó sókè réré, nígbà míì ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún ló wà, bóòtì yín lè wọ abẹ́ ojú ẹ̀ kó má rí yín mọ́, tó bá sì rí yín, ó lè gbà á ju máìlì kan lọ kó tó dúró. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí funfun méjì ọkọ̀ ńlá lókèèrè, nígbà tí ọ̀rọ̀ ta ló máa yà ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ti yẹra kúrò lọ́nà ẹ̀. Ó bófin mu, ó sì yá ju ká máa jà fún ẹ̀tọ́ wa níwájú irin lọ.

Iná tó ń sọ pé "iṣẹ́ ń lọ"

Gíríìnì tó wà lórí funfun, yàtọ̀ sí iná ẹ̀gbẹ́: ó ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn. Pupa lórí funfun: apẹja tó ń lo àwọ̀n tàbí okùn ọ̀nà mìíì, tí àwọ̀n ẹ̀ bá nà ju mítà 150 lọ á fi funfun kan sí apá ibi tó nà sí, ẹ má gba ibẹ̀. Funfun lórí pupa: ọkọ̀ àwọn atọ́nà, tí wọ́n máa ń gbé ẹni tó mọ omi lọ bá ọkọ̀ ńlá. Pupa méjì lórí ara wọn: ọkọ̀ ọ̀hún ò lè darí ara ẹ̀. Pupa, funfun, pupa: iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò jẹ́ kó lè yà. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, ẹ̀gbẹ́ tó ní pupa méjì, ẹ má gbà á, ẹ̀gbẹ́ tó ní gíríìnì méjì lẹ máa gbà. Pupa mẹ́ta: omi ọ̀hún ò jìn tó fún un láti kúrò lójú ọ̀nà tó wà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, èmi ni mo wà nídìí sítíárì, ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi jókòó lẹ́yìn. Mo rí pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, funfun méjì tò lé ara wọn lókè ẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Inú mi dùn pé mo mọ iṣẹ́, pupa lọ́tùn-ún, èmi ni màá yà, mo yí sọ́tùn-ún kí n gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n ò pariwo, wọ́n kàn nawọ́, wọ́n fa ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, wọ́n ní, "Ka funfun yẹn fún mi." Mo ní méjì ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Báwo ni wọ́n ṣe tò?" Kí n tó dáhùn ni mo rí i, lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn lọ́hùn-ún, pupa kékeré kan tó ṣókùnkùn ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò sí funfun kankan lórí ẹ̀. Bájì ni, ọkọ̀ ẹrù tí ọkọ̀ mìíì ń fà. Okùn irin ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ó ń wọ omi ó ń jáde, àárín yẹn gan-an ni mo dorí ọkọ̀ kọ. A dúró síbẹ̀, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu iwájú bájì yẹn títí tó fi kọjá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ ka funfun. Méjì tó tò lé ara wọn gbọọrọ lókè òpó kan, ó ń fa nǹkan. Mẹ́ta, ohun tó ń fà gùn sẹ́yìn ju mítà 200 lọ. Láti ẹ̀yìn, yẹ́lò á wà lórí funfun ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ wá pupa tàbí gíríìnì kejì tó ń tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa gbà, kẹ́ ẹ sì fàyè tó pọ̀ sílẹ̀.

Ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró máa ń tan funfun kan tó tàn yíká, tó bá tó mítà 50 á tan méjì, tiwájú ló máa ga jù níbí, ó yàtọ̀ sí èyí tó ń rìn. Tó bá tó mítà 100, á tún tan iná tó ń mọ́lẹ̀ sórí ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí pupa méjì kún iná ìdákọ̀ró, ó ti jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo bí omi ṣe jìn tó lábẹ́ yín.

Tí kùrukùru bá bolẹ̀

Ìgbà tẹ́ ẹ ò bá lè rí ara yín, òfin pé ẹnì kan lọ̀nà tọ́ sí ti parí, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ dín eré kù. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń rìn á fun fèrè gígùn kan, ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 6, kó má ju ìṣẹ́jú 2 lọ kó tó tún fun òmíì. Tó bá dúró sójú omi láìju ìdákọ̀ró, gígùn méjì. Onígbòkun, apẹja àti ẹni tó ń fa nǹkan, gígùn kan kúkúrú méjì. Bóòtì tí ò tó mítà 12, tí ò bá lè fun ún bẹ́ẹ̀, kó ṣáà máa pariwo tó máa dé etí ẹlòmíì, kó má jù ìṣẹ́jú 2 lọ. Lẹ́yìn fèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ panu mọ́, kí kálukú nawọ́ sí ibi tó ti gbọ́ ìró. Tí ọwọ́ bá pọ̀ sí apá iwájú, ẹ dín eré kù títí ó fi kù ìwọ̀nba tí sítíárì ṣì lè gbọ́ ti yín, tó bá sì gba pé kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró, títí ìró yẹn á fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó sì kọjá sẹ́yìn.